Báwo La Ṣe Mọ̀? Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Olùkọ́ Tuntun ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkomaikò

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin tí LASU ní Ọ̀jọ́ àti LASUED ní Ìjànìkín ń rán wá sí ilé ẹ̀kọ́ wa láti wá kọ́ṣẹ́ tíṣà, iṣẹ́ tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì lẹ ń gbà lọ́wọ́ wa yìí: kíkọ́ ọmọ nípa ilẹ̀ tó ń tẹ̀, òjò tó ń pa á, àti ojú ọ̀run tó wà lókè orí rẹ̀. Wọ́n fọ́n ẹ̀kọ́ yìí ká sínú Basic Science àti Jọ́gíráfì, nítorí náà tíṣà tó kà á sí iṣẹ́ tirẹ̀ kò pọ̀.

Ohun kan ló ń dùn mí níbẹ̀. Ọmọ JSS 3 ní Òkòkomaikò lè ka orúkọ pílánẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ láì mí. Ó lè kọ ẹ̀rí mẹ́rin sílẹ̀ pé ayé rí roboto, kó sì gba máàkì rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n ẹ bi í pé ìhà wo ni òjìji rẹ̀ máa ń ṣubú sí ní ọ̀sán oṣù Kejìlá, kò ní lè sọ, bẹ́ẹ̀ òjìji náà ń bá a délé lójoojúmọ́. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe kọ ìmọ̀ràn wọ̀nyí.

1. Ohunkóhun tí ẹ bá kọ sójú bọ́ọ̀dù, ẹ fi ìbéèrè kan tì í lẹ́yìn: báwo la ṣe mọ̀? Ayé ń yí, báwo la ṣe mọ̀? Òkun ti dé Ewékorò rí, báwo la ṣe mọ̀? Fóònù ti wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ báyìí, fídíò sì pọ̀ níbẹ̀ tó ń sọ pé ayé tẹ́ pẹrẹsẹ, pé kò sẹ́ni tó dé inú òṣùpá rí. Ọmọ tó gbà pé ayé rí roboto nítorí pé tíṣà rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀, yóò gbà pé ó tẹ́ pẹrẹsẹ lọ́jọ́ tí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn-ún gbọ́ ju ti tíṣà lọ bá sọ fún un. Ọmọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn ayé, kí wọ́n wá bá a jiyàn ká wò ó.

2. Ẹ má dúró de ẹ̀rọ. Mo mọ̀ pé yàrá sáyẹ́ǹsì ilé ẹ̀kọ́ mìíràn kò ní ju tábìlì lọ. Ẹ wá igi mọ́ọ̀pù kan, kí ẹ gún un mọ́ àárín pápá níbi tí igi tàbí ilé kò ti ṣíji bò ó. Ilẹ̀ wa yanrìn ni, kì í le láti gún. Kí èyí tó yọ sókè jẹ́ mítà kan géérégé, kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. Ẹ so àgádágodo mọ́ okùn, ẹ mú okùn náà sún mọ́ igi láti fi mọ̀ bóyá igi dúró ṣánṣán. Bí aago bá lu 12:30, kí ọmọ kan máa fi ìdérí mínírà sàmì sí ṣóńṣó òjìji ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún.

Àwọn ọmọ yóò rí i pé òjìji ń kúrú, ó ń kúrú, lẹ́yìn náà ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Ìgbà tó kúrú jù ni ọ̀sán gangan. Ohun tí yóò yà wọ́n lẹ́nu ni pé kì í ṣe aago méjìlá. Ní Ọ̀jọ́, lọ́pọ̀ ìgbà nínú ọdún, àárín aago 12:30 sí aago kan ló máa ń bọ́ sí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wádìí ìdí rẹ̀ fúnra wọn lórí máàpù. Ìlà dígírì 15 níhà ìlà oòrùn ni aago Nàìjíríà ń tẹ̀ lé, ìlà náà kò sì kan ilẹ̀ Nàìjíríà rárá. Kamẹrúùnù àti Chad ló gbà kọjá. Àwa wà ní nǹkan bíi dígírì 3. Ayé máa ń fi ìṣẹ́jú mẹ́rin yí dígírì kan. Kí wọ́n ṣe ìsodipúpọ̀ náà sínú ìwé, wọn yóò rí i pé oòrùn fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 47 pẹ́ kó tó ga tán lọ́dọ̀ wa. Èyí tó bá ṣẹ́kù, tí kò bá nọ́ńbà wọn mu tán, ọ̀nà tí ayé ń gbà yí oòrùn ká ló fà á, ẹ lè fi ìyẹn sílẹ̀ de SS 2.

Kí wọ́n máa wọn òjìji ọ̀sán yìí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ní ìparí oṣù Kejìlá, òjìji igi mítà kan níhìn-ín tó sẹ̀ǹtímítà 57, ó sì nà sí àríwá. Ní ìparí oṣù Kẹfà, ó tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30, ó nà sí gúúsù. Láàárín méjèèjì, ọjọ́ méjì wà tí igi kò ní ní òjìji kankan lọ́sàn-án: nǹkan bí ọjọ́ 6 tàbí 7 oṣù Kẹrin, àti ọjọ́ 5 tàbí 6 oṣù Kẹsàn-án. Ìwé tí wọ́n kọ fún àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kò ní sọ èyí fún yín, torí oòrùn kì í kan àtàrí ẹnikẹ́ni ní Lọ́ńdọ̀nù láéláé. Ọjọ́ wọ̀nyí sábà máa ń bọ́ sí àkókò tí ilé ẹ̀kọ́ ti fẹ́ gba ọlidé tàbí tó wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ fún wọn ṣe gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àṣetiléwá, kí bàbá àti ìyá náà jáde wá wò ó.

3. Ẹ lo àwọn ọ̀rẹ́ yín tó ń ṣe àgùnbánirọ̀ lókè Ọya. Èyí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí náà ẹ gbà mí láyè kí n sọ ọ́ pé.

Ní ọjọ́ 20 tàbí 21 oṣù Kẹta, oòrùn wà lókè ìlà agbedeméjì ayé gan-an, ilé ẹ̀kọ́ sì ń lọ lọ́wọ́. Kí ọ̀rẹ́ yín ní Kánò gún igi mítà kan, kí ẹ̀yin náà gún tiyín ní Ìbà. Kí kálukú wọn òjìji tó kúrú jù, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ síra yín lórí WhatsApp. Ti Ìbà yóò jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 11, ti Kánò yóò jẹ́ nǹkan bíi 21. Kí àwọn ọmọ ya igi àti òjìji sórí bébà gíráàfù, kí wọ́n fi pòtírátọ̀ wọn igun tó wà lókè igi: tiwa á tó dígírì 6 ààbọ̀, ti Kánò á tó 12. Igun méjèèjì yìí ni iye dígírì tí ìlú kọ̀ọ̀kan fi jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé. Ọmọ tó ti ń há latitude sórí láti JSS 1 ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n ni.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn jẹ́ dígírì 5 ààbọ̀. Ẹ wá wọn ọ̀nà tó jìn sí àríwá láti Ìbà dé ìpele Kánò lórí máàpù. Ẹ má wọn ojú títì, ẹ má sì fi rúlà dábùú láti ìlú kan sí èkejì. Òkè tààrà ni kí ẹ wọ̀n. Yóò tó nǹkan bíi kìlómítà 610. Bí dígírì 5 ààbọ̀ bá jẹ́ 610, 360 yóò jẹ́ mélòó? Ẹ ó bọ́ sí nǹkan bíi 40,000 kìlómítà, ìyẹn sì ni àyíká ayé. Ní Ìjíbítì, ó ti lé ní 2,200 ọdún báyìí, Eratosthenes gba ọ̀nà yìí wọn ayé láti orí òjìji àti jíjìnnà ìlú méjì, Alexandria àti Syene. Ohun tó ní kò ju ohun tó wà ní pápá yín lọ.

Bí tàwọn ọmọ bá jẹ́ 37,000 tàbí 43,000, ẹ má ṣe sọ fún wọn pé wọ́n gbà á tì. Sẹ̀ǹtímítà ààbọ̀ tí wọ́n bá ṣì wọ̀n ti tó láti fa irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé ibo ni àṣìṣe ti wọlé: ṣé igi tẹ̀ ni, àbí ilẹ̀ kò tẹ́jú, àbí kùrukùru kò jẹ́ kí ṣóńṣó òjìji hàn dáadáa? Ibi tí wọ́n ti ń jiyàn lórí ìyẹn gan-an ni wọ́n ti ń kọ́ sáyẹ́ǹsì. Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kíyè sí aago: òjìji Kánò yóò ti kúrú tán ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 21 ṣáájú tiwa, nítorí Kánò wà ní ìlà oòrùn wa, ayé sì ń yí.

4. Ẹ kó wọn gorí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kí wọ́n wo òrùlé. Gbogbo díìṣì DStv tó wà láti Òkòkomaikò dé Ìyànà-Ìbà ló kọjú sí ìhà kan náà: ìlà oòrùn, ó yà sí gúúsù díẹ̀. Kí ló dé? Sátẹ́láìtì tí wọ́n ń wò wà lókè ìlà agbedeméjì ayé, ní dígírì 36 níhà ìlà oòrùn, ó sì ga tó nǹkan bíi 36,000 kìlómítà. Ní gíga yẹn, bí ayé ṣe ń yí ẹ̀ẹ̀kan ni òun náà ń yí ẹ̀ẹ̀kan, nítorí náà lójú wa ó dúró sójú kan. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó fi díìṣì fi lè di nọ́ọ̀tì rẹ̀ kó sì máa lọ. Bí wọ́n bá gbé e súnmọ́ ilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, yóò máa sáré ju ayé lọ, àwọn èèyàn yóò sì máa yí díìṣì tẹ̀ lé e káàkiri.

Ẹ pe ọ̀kan nínú àwọn tó ń fi díìṣì láti ọjà Alábà wá sí kíláàsì. Ó mọ igun, ó mọ ìhà, ó mọ ohun tí òjò ńlá máa ń ṣe sí àwòrán. Àwọn ọmọ yóò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ju tiyín lọ, kò sì sóhun tó burú níbẹ̀.

Láti ibẹ̀ lẹ lè wọ ọ̀rọ̀ sátẹ́láìtì Nàìjíríà, tó wà nínú iṣẹ́ JSS 3. Ẹ má ka orúkọ àti ọdún nìkan. NigeriaSat-1 gòkè ní oṣù Kẹsàn-án 2003, àwòrán ilẹ̀ ló ń yà. Nígbà tí ìjì Katrina ṣe Amẹ́ríkà lọ́ṣẹ́ ní 2005, ó wà lára àwọn tó yàwòrán ibi tí omi bò. NigComSat-1 gòkè ní 2007, iná rẹ̀ kú ní 2008, wọ́n sì fi NigComSat-1R rọ́pò rẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2011. Ẹ sọ ìyẹn náà fún wọn, kí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀rọ máa ń kú, èèyàn á sì tún un ṣe. Kí ẹ sì sọ ti NigeriaEduSat-1, kékeré tí yunifásítì FUTA ní Àkúrẹ́ bá àwọn ará Japan ṣe, tí wọ́n tú sílẹ̀ láti ibùdó tó wà ní gbalasa òfurufú (space station) ní 2017. Àkúrẹ́ kò jìnnà. Ọmọ Ọ̀jọ́ lè lọ kàwé níbẹ̀.

5. Òṣùpá wà fún tálákà àti olówó, ẹ fi kọ́ni. Ọmọ Mùsùlùmí pọ̀ nínú kíláàsì yín, wọ́n sì ti mọ ohun kan tí ìwé kò kọ́ wọn: oṣù tuntun, ìwọ̀ oòrùn ni wọ́n ti ń wò ó, kété tí oòrùn bá wọ̀. Ẹ bi wọ́n ìdí tí kì í fi í yọ ní ìlà oòrùn. Òṣùpá máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ 29 ààbọ̀ ti oṣù tuntun kan dé òmíràn. Oṣù méjìlá bẹ́ẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 354, ó fi nǹkan bí ọjọ́ 11 dín sí ọdún oòrùn. Ìdí nìyẹn tí Ramadan fi ń súnwá síwájú lọ́dọọdún, tó fi lè bọ́ sígbà òjò, tó tún lè bọ́ sígbà ọyẹ́.

Ẹ tún rántí Àgùàlà, ìràwọ̀ ńlá tó ń tàn ní ìrọ̀lẹ́ tàbí ní ìdájí. Àwọn kan máa ń pè é ní ajá òṣù, nítorí wọ́n rí i tó ń bá òṣùpá rìn. Kí àwọn ọmọ ṣọ́ ọ fún oṣù kan. Ẹni tó bá na ọwọ́ tán, tó di ìkúùkù, ìkúùkù rẹ̀ bo nǹkan bíi dígírì mẹ́wàá lójú ọ̀run. Òṣùpá ń fi nǹkan bíi 13 sún sí ìlà oòrùn lóru kọ̀ọ̀kan. Ní alẹ́ kan òṣùpá yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àgùàlà, ní alẹ́ kejì yóò ti fi í sílẹ̀, ó di oṣù tó ń bọ̀ kí wọ́n tó tún pàdé. Àgùàlà kì í jìnnà sí oòrùn ju dígírì 47 lọ, torí pílánẹ́ẹ̀tì ni, ọ̀nà tirẹ̀ sì súnmọ́ oòrùn ju tayé lọ. Ẹ má fi àwọn àgbà tó sọ pé ajá òṣù ni ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú ọmọ. Wọ́n ń wo ojú ọ̀run, èyí tí ọ̀pọ̀ wa kò ṣe mọ́ láti ìgbà tí iná jẹnẹrétọ̀ ti gba àdúgbò.

6. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀. Bí wọ́n bá ń gbẹ́ kànga tàbí sókáwéè nítòsí ilé ẹ̀kọ́, ẹ lọ bẹ bàbá tó ń gbẹ́ ẹ. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan dé etí kòtò. Ibi òkìtì ni kí wọ́n dúró sí. Kí wọ́n máa bu ìyẹ̀pẹ̀ sọ́tọ̀ bó ṣe ń jáde, kí wọ́n tó wá tò ó sínú ike omi funfun, èyí tó jáde kẹ́yìn kó wà nísàlẹ̀: dúdú ti òkè, pupa tàbí èyí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, amọ̀ bó bá wà, títí dé yanrìn tí omi ti ń sun. Kí wọ́n kọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe jìn tó sí ara ike.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tọrọ mágínẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn spíkà tó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn atúnrédíòṣe ní Alábà. Ẹ fi nálọ́ọ̀nù wé e, kí ọmọ kan fà á kọjá nínú yanrìn gbígbẹ. Wóró dúdú wíńníwínní yóò rọ̀ mọ́ ọn. Kó fa nálọ́ọ̀nù náà yọ, wóró náà yóò já bọ́ sórí bébà funfun. Irin inú òkúta ni wọ́n. Funfun tó pọ̀ jù nínú yanrìn náà, egungun òkúta ni: òkúta bíi ti Abẹ́òkúta tí oòrùn àti òjò ti lù fọ́ láti àìmọye ọdún, tí odò bí Ògùn àti Yewa sì ń kó wá sí etí òkun. Ilẹ̀ Ọ̀jọ́ tí wọ́n ń tẹ̀, òkè ló ti wá.

Bí ẹ bá lè rí òkúta sìmẹ́ńtì láti Ewékorò, níbi tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti ń wà á láti 1960, ẹ fọ́ díẹ̀ lúbúlúbú, kí ẹ fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Yóò hó. Òkúta dúdú tí wọ́n fi ń kọ́lé kò ní hó. Ìkarahun ẹ̀dá òkun wà nínú òkúta Ewékorò, bẹ́ẹ̀ Ewékorò ju 50 kìlómítà lọ sí òkun lónìí. Òkun ti gbé ibẹ̀ rí, ní nǹkan bíi 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn.

7. Ẹ wọn òjò, nítorí òjò ló ń lé àwọn ọmọ yín nílé ẹ̀kọ́. Ẹ gé orí ike tó ṣe gbọọrọ, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, kí ẹ lẹ rúlà mọ́ ọn lára, kí ẹ gbé e síta gbangba. Mìlímítà òjò kan lórí mítà onígun mẹ́rin kan jẹ́ lítà omi kan. Kí wọ́n wọn òrùlé kíláàsì wọn. Bó bá jẹ́ mítà 10 sí 8, tí òjò 50 mìlímítà sì rọ̀, 4,000 lítà ti já bọ́ láti orí kíláàsì kan ṣoṣo. Kí wọ́n ka iye òrùlé tó wà ní àdúgbò, kí wọ́n wá lọ wo gọ́tà tó yẹ kó gbà á. Ọmọ tó ṣe ìṣirò yìí kò ní da bébà súyà àti nálọ́ọ̀nù sí gọ́tà ní ìrọ̀rùn mọ́, yóò sì lè ṣàlàyé ìdí tí omi òjò fi bo Èkó ní ọjọ́ 10 oṣù Keje 2011.

8. Ẹ má fi ẹ̀rù kọ́ni, ẹ má sì fi ẹ̀kọ́ lu ẹ̀sìn ọmọ. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta 2006, òṣùpá bo oòrùn. Ní Accra àti Lomé ó bò ó pátápátá. Níhìn-ín ó ku díẹ̀. Ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo wà nígbà náà, wọ́n ní kí gbogbo ọmọ wọlé, kí wọ́n ti fèrèsé. Òótọ́ ni pé èèyàn kò gbọdọ̀ tẹjú mọ́ oòrùn, ojú lè fọ́. Ṣùgbọ́n lábẹ́ igi máńgòrò tó wà ní ìta, ihò àárín ewé sọ ìmọ́lẹ̀ di ọ̀pọ̀ oòrùn kékeré onídàjì sórí ilẹ̀, kò sì sí ewu kankan nínú wíwo ilẹ̀. Ìran náà kọjá lórí àwọn ọmọ yẹn. Bébà líle tí ẹ fi abẹ́rẹ́ lu kan ti tó fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìmìtìtì ilẹ̀ náà ńkọ́? Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 2009, ilẹ̀ mì ní agbègbè Abẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ òpin ayé sì gba ẹnu àwọn kan. Ẹ sọ òótọ́ fún àwọn ọmọ: a kò sí ní etí ibi tí abala ilẹ̀ ayé ti ń kọlura, nítorí náà kì í sábà ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè ṣẹlẹ̀, bó ṣe ba Accra jẹ́ ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà 1939. Ohun tí pásítọ̀ tàbí àfáà wọn bá sọ nípa ẹni tó dá ayé, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn. Bí ayé ṣe ń rìn ni tiyín.

9. Bí ọmọ bá bi yín ní ohun tí ẹ kò mọ̀, ẹ kọ ọ́ sí igun bọ́ọ̀dù, kí ẹ má sì pa á rẹ́ títí ẹ ó fi rí ìdáhùn.

10. Pírínsípà yóò béèrè lẹ́sìn nóòtì, òbí yóò béèrè WAEC. Ẹ má bá wọn jà. Ìbéèrè WAEC lórí ìlà latitude, lórí àkókò àti lórí òkúta ni gbogbo ohun tí mo kà sókè yìí; ẹ kọ ọ́ sínú nóòtì bẹ́ẹ̀. Kí kíláàsì ní ìwé ńlá kan tí wọ́n ń kọ nǹkan sí: ọjọ́, gígùn òjìji, ìwọ̀n òjò, àti orúkọ ọmọ tó wọ̀n ọ́n. Kí àwọn obìnrin máa wọ̀n, kì í ṣe kí wọ́n máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọkùnrin nìkan. Lọ́jọ́ tí ẹ bá parí iṣẹ́ yín tí ẹ ń lọ, ẹ má gbé ìwé náà lọ sílé. Ẹ fi lé tíṣà tó ń gba kíláàsì lọ́wọ́, kí àwọn ọmọ ọdún tó ń bọ̀ lè fi òjò tiwọn wé ti èyí tó ṣáájú.